Ààwẹ̀ Mummy Bámi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ ọ́ létí mi pé Mummy Bámi mọ owó ṣọ́ ná, èmi àti onítọ̀hún á jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa. Ó mọ̀ ọ́n ṣọ́ ná ju gbogbo wa lọ nínú ilé tí a jọ háyà ní Kétu. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tí wọ́n á máa mi orí, tí wọ́n á ní, "Obìnrin tó mètò nìyẹn, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un." Ètò! Èmi Nimat, ìyá Junaid, tí yàrá mi kọjú sí tirẹ̀, èmi ni kí ẹ wá bi ní ohun tí ètò yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Adédiwúrà ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí Ìkòsì pé kó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Bartholomew, ọmọ ìjọ Àgùdà, tó fi ṣe ọkọ. Nítorí náà, ó mọ Fátíhà ka, ó sì mọ Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run. Nígbà Iléyá, á wọ aṣọ iṣẹ́, á bá wa gé ẹran. Nígbà Kérésì, á ru ìrẹsì wá bá wa nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé ẹ̀sìn wo gan-an ló ń ṣe, torí àwa kì í bèèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ara wa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí gbà wọlé.

Ẹ̀bá fèrèsé ló gbé màṣíìnì rẹ̀ sí. Látìgbà tí ìlú ti le, kò sẹ́ni tó ń rán tuntun mọ́, àtúnṣe ló kù. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá ti gbó, á tú u, á yí i padà, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ojú, ẹni tó ni ín gan-an ò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì tó bá ti fẹ́ lu láàárín, á là á sí méjì, á rán etí mọ́ etí, ibi tó ti gbó á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún lò ó fún ìgbà pípẹ́. Àwọn Mummy láti inú ẹ́sítéètì ní Màgodò, àwọn tí kò mọ ọ̀nà Kétu tẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò gbé aṣọ ilé ìwé ọmọ wọn wá fún un.

Ọkọ rẹ̀ ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní Gbàgádà. Lọ́dún tí epo bẹntiróò gbówó lórí yẹn, ọ̀gá náà páàkì gbogbo mọ́tò rẹ̀, ó ní kí Bartholomew máa lọ sílé ná, òun á pè é. Kò pè é títí dòní. Bartholomew wá gba kẹ̀kẹ́ akérò lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ń wà á, ó sì ń fi gbogbo èrè ọjọ́ san owó onítọ̀hún. Bámi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní pólì, ó kù díẹ̀ kó jáde. Ọjọ́ tí iṣẹ́ Gbàgádà bọ́ ni Mummy Bámi so gèlè mọ́ ìdí, ó ní òfin tuntun ti dé inú ilé òun.

Ẹ ò rí nǹkan! Ó yọ fíríìjì kúrò lára iná, ó fọ̀ ọ́, ó sọ ọ́ di ibi ìkóúnjẹ-sí. Ó ní rọ́bà etí ilẹ̀kùn rẹ̀ le, pé eku ò lè wọ̀ ọ́, kòkòrò ò lè wọ̀ ọ́. Gàrí ló ń dà síbẹ̀, àti ẹ̀wà tó ti po ata gbígbẹ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Mummy Bámi, gàrí yín ń gbé inú fíríìjì, àwa tí à ń jẹ ẹ́ ń làágùn." Ó ní kí n máa rín in, pé màá wá tọrọ níbẹ̀.

Mile 12 ni mo ti ń lọ ata, mo ní ẹ̀rọ tèmi níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá bá mi, nígbà tí wọ́n bá ń ta ẹ̀sà, àwọn tòmátì tó ti tẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ láti òkè ọya wá. Á jókòó tì mí, á gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, á lọ ìyókù, á sè é gbẹ, á wá tẹ́ ẹ sórí páànù ẹ̀yìnkùlé kó di gbígbẹ. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí tòmátì wá wọ́n débi pé ẹyọ là ń rà, gbogbo wa gbé abọ́ lọ bá a. Ó bù fún wa. Ó kàn ní, "Ẹ ṣáà má dà á nù." Àtìgbà náà la ò ti fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tó bá ti ṣe, a gbà pé ó tọ́. Háà.

Àìsàn rẹ̀ ti wà ṣáájú gbogbo èyí. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ gba oògùn nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn, ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé tẹ́rùn. Ó ní, "Mummy, ẹ gbọ́ o. Oògùn yìí ń lé ṣúgà wálẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹun sí i. Bí ẹ bá lò ó láìjẹun, ṣúgà ara yín á já wálẹ̀ pátápátá, ẹ lè dákú, ẹ lè má jí mọ́." Ó wá kọjú sí mi: "Aunty, ẹ bá wa rán wọn létí." Mo ní màá rán wọn létí. Mo sì ń rán an létí lóòótọ́, ní gbogbo àárọ̀ kí n tó jáde lọ sí Mile 12.

Ààwẹ̀ yìí, mi ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn kíyè sí i pé nígbà tí mo bá ní, "Mummy Bámi, ẹ wá fọwọ́ kan àkàrà," á ní, "Mò ń gbààwẹ̀." Mo bi í pé ààwẹ̀ wo, pẹ̀lú ara yín yìí? Ó ní ti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ni, pé kì í ṣe bíi tiwa tó máa ń dìrọ̀lẹ́, ọ̀sán ni àwọn ń ṣínu. Ó ní òun máa ń mu ògì, òun á jẹ mọ́ínmọ́ín lé e. Ọ̀sán ni mi ò kì í sí nílé. Kí ni kí n wí? Ẹ sọ fún mi, ta ni nínú wa tó lè dìde sí ẹni tó ní òun ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kó ní kó dákẹ́? Mo ní, "Kí Ọlọ́run gbà á." Ó ní, "Àmín."

Ṣùgbọ́n ara ń fu mí. Mo bá a lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, òtútù ń mú gbogbo ayé, òógùn ń ṣàn lójú Mummy Bámi. Bó ṣe fẹ́ fi òwú sínú abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè rí ojú abẹ́rẹ́. Ó gbé oògùn rẹ̀ sẹ́nu, ó fi omi lé e. Mo ní, "Ẹ ń lo oògùn, ẹ sì ń gbààwẹ̀?"

Ó wò mí bíi pé mo sọ̀rọ̀ ẹ̀gọ̀. "Nimat, oògùn tí mo ti fi owó rà, ṣé kí n jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí rẹ̀ ni?"

"Kí lẹ máa wá fi ṣínu lónìí?"

"Ṣé o fẹ́ máa bá mi ka òkèlè ni? Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ, jàre."

A jọ rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló pe Bámi ní Sìdí. Sìdí ni àbúrò rẹ̀ tó ti kú ní Ìsẹ́yìn láti kékeré. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún pè é, ọmọ náà dúró, kò mọ̀ bóyá kó dáhùn. Obìnrin kan sì dá ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ padà: Mummy Bámi ti tú kọ́là, ó rán an padà, ojú tó gbó ló tún wà níta. Mummy Bámi tó lè yí kọ́là nínú òkùnkùn! Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ń wò ó, ó ń wò ó, ó ní òun ò mọ ẹni tó rán an. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo ní oorun ni kò sùn tó, mo ní kó lọ sinmi.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Mummy Clara wá lọ ata lọ́dọ̀ mi. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ Mummy Bámi, Ìṣẹ́rí Olówóra ló ń gbé, Mile 12 ló ti ń nájà. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀, mo sì ń ti ata sẹ́nu ẹ̀rọ, ló bá pariwo sí mi létí pé, "Ìyá Junaid, ẹ kú ààwẹ̀ o!"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ààwẹ̀ wo, Mummy Clara? A ti ṣọdún tipẹ́tipẹ́."

"Èyí tí ẹ̀yin àti Mummy Bámi jọ ń gbà nínú ilé yín. Ó ní ti ìdílé bàbá òun ni, pé ẹ̀yin Mùsùlùmí ilé ló ń bá òun ṣe é. Ẹ mà ń gbìyànjú o, títí di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́! Àwa náà ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún un lókun."

Mo pa ẹ̀rọ. Ata ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn oníbàárà ń pariwo pé kí ló dé. Mo ní, "Mummy Clara, ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ lẹ ń gbààwẹ̀?"

"Àwa? Látìgbà tí Lẹ́ńtì ti parí, a ò gbààwẹ̀ kankan."

A wo ara wa lójú. Mi ò ní láti ṣàlàyé fún un, torí òun náà mọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà yẹn. Báàgì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Subuhanallahi! Mummy Bámi ti fi àwa bojú fún wọn, ó sì ti fi wọ́n bojú fún wa.

Mo pè é. Fóònù ń dún, kò gbé e. Mo tún pè é, ó dún títí ó fi gé. A kó sínú kẹ̀kẹ́, mo pe Bartholomew. Mo ní, "Daddy Bámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Mummy ti jẹun lónìí?"

Ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ìyẹn ló tún dun èmi jù. "Ìyá Junaid, ààwẹ̀ ló ń gbà fún mi. Nítorí iṣẹ́ ni. Ó ní títí Ọlọ́run á fi dáhùn. Irú ìyàwó báyìí wọ́n o."

Mo kígbe mọ́ ọn pé kó máa bọ̀ nílé kíákíá. Ọkọ̀ há sí abẹ́ bíríìjì Kétu, a bọ́ sílẹ̀, a fi ẹsẹ̀ sáré. Mummy Clara gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń ké pe Jésù, èmi ń ké "Lá ìláhà ìllá-lláàhù," àwọn èèyàn ń yà fún wa lọ́nà.

Òórùn ọbẹ̀ la kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ọbẹ̀ tòmátì gbígbẹ yẹn, ó ta sánsán, àyà mi sì rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ní ó ń dáná, ara rẹ̀ dá nìyẹn. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ó jókòó sídìí màṣíìnì, ó gbé orí lé e. Aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ tutù, ó rin gbingbin fún òógùn. Mo gbé orí rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ là, kò rí mi. Mo ní, "Mummy Bámi! Nimat ni! Ẹ dá mi lóhùn!" Ó fi eyín pa eyín. Kò sí ṣúgà nínú yàrá wọn, mo sáré lọ mú tèmi, mo fi ìka pò ó, mo ń fi pa ẹran eyín rẹ̀, ó ń dà jáde. Lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó láìdìde, ó ti bu ìrẹsì sí abọ́ méjì, ó fi àwo dé e, ó ń gbóná. Ti Bartholomew àti ti Bámi nìkan.

Nílé ìwòsàn, dókítà bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìgbà wo ló jẹun gbẹ̀yìn?" Ọkọ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Bámi dúró níbẹ̀. Èmi ará ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, Mummy Clara ará ìjọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni kankan nínú wa tó mọ̀. Bartholomew dojú kọ ògiri.

Kò jí mọ́. Wọ́n fa omi oníṣúgà sí i lára, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù lára rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ó lọ. Mo bínú sí i. Mo bínú sí i débi pé mi ò lè sunkún, mò ń sọ̀rọ̀ sí i lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má da nǹkan kan nù!"

Àwọn olùbánikẹ́dùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sílé. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí, wọ́n á jókòó, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Mo bi Bámi pé kí ló wà nílé. Ó mú mi lọ sídìí fíríìjì, ó ṣí i.

Ó kún. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni. Gàrí nínú ọ̀rá, tó dì pinpin, tó so lọ́rùn. Ẹ̀wà. Èlùbọ́. Tòmátì gbígbẹ, ata gbígbẹ, ẹja tó ti yan gbẹ, tó fi bébà wé. Kó tó lè kó o jọ báyìí, ó ní ibi tó ti ń yọ ọ́. Gbogbo ọ̀sán tó ní òun mu ògì ló wà nínú fíríìjì yẹn.

Bámi ní, "Mummy ní ká má fọwọ́ kàn án o. Wọ́n ní ti ìgbà tí nǹkan bá le ni."

Mo ní, "Bámi, ìgbà wo ló tún fẹ́ le ju báyìí lọ?"

A kó o jáde, a sè é. Àwọn èèyàn jẹun, wọ́n yó. Wọ́n ní ọbẹ̀ náà dùn, wọ́n bèèrè pé ta ló sè é. Wọ́n wo fíríìjì, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí obìnrin tó mètò!" Wọ́n gbé tèmi wá, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tòmátì gbígbẹ. Ṣíọ̀! Mo gbé e padà. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, níbi páànù tó máa ń sá tòmátì sí, ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi.

Èmi ṣì ń ra ẹ̀sà o. Mo ṣì ń sá a. Ohun tó kọ́ wa dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ẹni tó ń sọ pé òun ń gbààwẹ̀ nísinsìnyí, ojú abọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo tètè dé láti Mile 12. Bámi wà nídìí màṣíìnì ìyá rẹ̀. Ilé ìwé ti fún wọn nísinmi, ó sì ti gba iṣẹ́ àtúnṣe ìyá rẹ̀ ṣe. Kọ́là ló ń tú. Mo rí i pé eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Mo bu ẹ̀bà, mo bu ọbẹ̀ lé e, mo fi ìdérí bò ó, mo gbé e kọjá sí yàrá wọn. Mo ní, "Bámi, ó yá, wá jẹun."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mummy Junaid. Mò ń gbààwẹ̀ ni."

Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Ohùn yẹn gan-an ni! Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi àti òun, mo fa àpótí, mo jókòó síwájú rẹ̀ tí orúnkún mi fi kan tirẹ̀. Mo ní, "Ààwẹ̀ ta ni?"

Omi lé ròrò sí i lójú. Mo gba ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu òkèlè, mo rì í sínú ọbẹ̀, mo gbé e sí i lẹ́nu. Mo ní, "Ya ẹnu."

Ó ya ẹnu. Ó ń jẹ ẹ́ lọ, ojú rẹ̀ wà lára abọ́ náà. Òkèlè yẹn ò tíì lọ tó fi na ọwọ́ sí ìdérí.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n gbé ìyókù pa mọ́ fún Daddy."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Gbé ti ẹnu rẹ mì ná."